OKITO ÀTI ÀPÓTÍ OÒGÙN: ìtàn Theo Bamberg, onídán tí etí rẹ̀ di

Ojú ewé yìí ni a ti máa ń sọ ìtàn ẹni ńlá kan tó ti lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí olóṣèlú, ọ̀gágun tàbí oníwàásù. Ẹ má bínú, mi ò mú ìkankan nínú wọn wá lọ́tẹ̀ yìí. Onídán ni mo mú wá. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ bá mi ká a lọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kan èmi àti ẹ̀yin.

Bí a bá ti pe idán nílẹ̀ wa, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a lọ sọ́dọ̀ Professor Peller, ẹni tí ikú rẹ̀ ní ọdún 1997 dun tọmọdé tàgbà. Bí Peller bá dé, gbọ̀ngàn á kún, ìlù á máa dún, ọ̀rọ̀ á máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ọwọ́ ààrá. Ìyẹn ni idán orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n irú idán mìíràn wà tí kò nílò gbọ̀ngàn. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú owó onírin mẹ́ta tàbí mẹ́rin, níwájú ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọ́n sún mọ́ onídán débi pé wọ́n lè ka èékánná ọwọ́ rẹ̀. Kò sí èéfín, kò sí aṣọ ìkélé. Ojú yín ló ń wò ó, síbẹ̀ ẹ ò ní í mọ ọ̀nà tó gbà. Kì í ṣe oògùn o, kì í ṣe àwúre. Ọwọ́ ni, ọpọlọ ni, ohun èlò ni.

Nínú gbogbo ohun èlò tí àwọn onídán owó ń lò káàkiri ayé lónìí, ọ̀kan wà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Àpótí Okito ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ni orúkọ náà ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

ÌDÍLÉ ONÍDÁN

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ni Tobias Leendert Bamberg. Theo ni wọ́n máa ń pè é. Ìlú Amsterdam, ní orílẹ̀-èdè Holland, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1875.

Ẹ mọ̀ pé níbi tiwa, bí wọ́n bá bí ọmọ sí ìdílé Àyàn, ìlù ni yóò fi ṣeré kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Bí wọ́n bá bí i sí ilé alágbẹ̀dẹ, ẹwìrì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìdílé Bamberg rí. Idán ni iṣẹ́ ìdílé wọn, láti ìran dé ìran. Bàbá ńlá wọn kan, Eliaser Bamberg, tí wọ́n bí ní ọdún 1760, jẹ́ onídán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ igi. Ìtàn ìdílé wọn fi yé wa pé Eliaser kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ igi yẹn lọ lásán: inú rẹ̀ ló ń fi àwọn ohun èlò idán rẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn ènìyàn wá ń fi orúkọ pè é, wọ́n ní èṣù arọ. Ẹ fi ìtàn ẹsẹ̀ igi yìí sọ́kàn, nítorí ohun tó jọ ọ́ ṣì ń bọ̀ níwájú.

Lẹ́yìn Eliaser, ọmọ gba iṣẹ́, ọmọ-ọmọ gbà á, títí ó fi kan bàbá Theo, ìyẹn David Tobias Bamberg, tí wọ́n bí ní ọdún 1843, tó sì kú ní ọdún 1914. Papa Bamberg ni àwọn onídán ń pè é. Ó jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ dé ààfin ọba Holland. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Theo ti kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe pé ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pidán nìkan, ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan àpótí, bí wọ́n ṣe ń kun ọ̀dà, bí wọ́n ṣe ń ran aṣọ ìtàgé, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìka ọwọ́ ṣe òjìji ẹranko àti ènìyàn lára ògiri. Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Kò sí ẹni tó rí i tí kò mọ̀ pé òun ni yóò jókòó sórí àga bàbá rẹ̀.

ETÍ DI

Ibi tí nǹkan ti yí padà nìyí. Nígbà tí Theo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, jàǹbá kan ṣẹlẹ̀ sí i nínú omi. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bá a lọ, a dúpẹ́. Àmọ́ etí rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Díẹ̀ ló kù kí ó di adití pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, kí ẹ rò ó dáadáa. Kí ni onídán ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe? Gbogbo nǹkan ni! Ẹnu ni ó fi ń darí ojú àwọn òǹwòran. Bí ọwọ́ òsì bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, ẹnu á sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo ojú á sì lọ síbẹ̀. Ó máa dá wọn lẹ́rìn-ín, ó máa bi wọ́n ní ìbéèrè, ó máa gbọ́ èsì wọn, ó máa mọ ìgbà tí ara wọn balẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń fura. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí òǹwòran ń sọ ńkọ́? Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa, tí kò mọ̀ bóyá òun ń pariwo tàbí òun ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, báwo ni yóò ṣe ṣe é? Ẹlòmíràn ì bá ti lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa á rántí pé ní ayé àtijọ́, ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ní kíláàsì, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, bí kò bá sì dáhùn nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, olóríkunkun ni wọ́n á kà á sí. Kì í ṣe pé a ya ìkà. A kò mọ̀ ni. Ohun tí Theo Bamberg ṣe ni pé ó mú ohun tó kù fún un, ìyẹn ojú àti ọwọ́, ó sì fi wọ́n ṣe odindi iṣẹ́.

ORÚKỌ TUNTUN

Ní àwọn ọdún 1890, Theo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí onídán tí kì í sọ̀rọ̀. Kí àwọn òǹwòran má bàa máa bi ara wọn léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀, ó wọ aṣọ àwọn ará Japan, ó sì fi ara rẹ̀ hàn bí àlejò láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ mú lẹ́tà márààrún tó wà nínú orúkọ ìlú Tokio bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà, kí ẹ tò wọ́n lọ́nà mìíràn. Okito ni ẹ óò rí. Bí ó ṣe rí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, ó fi aṣọ Japan sílẹ̀, ó lọ sí ti Ṣáínà, nítorí pé ẹ̀wù Ṣáínà a máa tàn yanran lórí ìtàgé, àyè sì pọ̀ nínú rẹ̀ fún ohun tí onídán bá fẹ́ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kò yí orúkọ náà padà.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ fún yín níbí. Lójú tiwa lónìí, kí òyìnbó kun ojú, kó wọ aṣọ ẹ̀yà mìíràn, kó máa fi wọ́n ṣe ìran wò, kì í ṣe ohun tó bójú mu. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é, ọ̀pọ̀ onídán ìgbà náà ló ṣe bẹ́ẹ̀, owó gidi ni wọ́n sì pa níbẹ̀. A kò ní í torí pé a fẹ́ràn ènìyàn ká fi apá kan ìtàn rẹ̀ bo ilẹ̀.

Èyí tó yani lẹ́nu ni pé àìsọ̀rọ̀ tí ì bá jẹ́ àléébù di ìwé ìrìnnà. Onídán tó ń fi èdè Faransé dẹ́rìn-ín pa ènìyàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jámánì. Okito kò nílò ògbufọ̀. Bó ṣe ń pidán ní Berlin náà ló ṣe lè pa á níbikíbi. Gbogbo ẹni tó bá ní ojú ló gbọ́ èdè rẹ̀.

Ó ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Níbẹ̀ ló ti bá Howard Thurston ṣiṣẹ́. Ẹ má fojú kékeré wo Thurston o: òun ni Harry Kellar, tó jẹ́ àgbà onídán Amẹ́ríkà nígbà náà, fi ipò rẹ̀ lé lọ́wọ́ ní ọdún 1908. Nínú ẹgbẹ́ Thurston, òjìji ọwọ́ ni Okito ń ṣe. Iná kan, aṣọ funfun kan, ìka mẹ́wàá. Ẹyẹ á fò, ajá á gbó láìsí ohùn, gbogbo gbọ̀ngàn á sì máa rẹ́rìn-ín.

ÀPÓTÍ OÒGÙN

A ti dé ibi tí mo ń mú yín bọ̀. Okito kò fẹ́ máa rìnrìn àjò títí ayé. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Ní ìlú New York, òun àti ọ̀gbẹ́ni Joe Klein jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò idán. Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà rí mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ní ìgbà tó kún, ó sì ní ìgbà tó dá páropáro. Níbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1911, Okito mú páálí kékeré róbótó kan, irú èyí tí àwọn olóògùn òyìnbó máa ń kó hóró oògùn sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó onírin dánra wò nínú rẹ̀.

Kí ló rí? Ó rí ohun kan tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ti ra oògùn nínú irú páálí bẹ́ẹ̀ kò bìkítà fún. Ọmọrí páálí náà bá ẹnu rẹ̀ mu. Àmọ́ bí ẹ bá da páálí náà dojú dé, ọmọrí yẹn kan náà bá ìdí rẹ̀ mu pẹ̀lú! Ẹni tó bá rí páálí tí ọmọrí wà lórí rẹ̀ á gbà pé ó wà ní dídé. Kò ní í wá sí i lọ́kàn láti béèrè bóyá ẹnu ni wọ́n dé, tàbí ìdí.

Gbogbo àṣírí náà nìyẹn. Kì í ṣe àṣírí mọ́, ó ti wà nínú ìwé tipẹ́. Kò sí rọ́bà nínú rẹ̀, kò sí òòfà, kò sí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀. Ẹ lè fún òǹwòran kó yẹ̀ ẹ́ wò láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò ní í rí nǹkankan, nítorí kò sí nǹkankan níbẹ̀ láti rí.

Nígbà tó yá, wọ́n fi páálí sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Wọ́n rọ ọ́ ní ìwọ̀n tí owó ààbọ̀ dọ́là Amẹ́ríkà yóò fi wọ inú rẹ̀ ṣánṣán. Ààbọ̀ dọ́là yìí tóbi díẹ̀: ó fẹ̀ tó mìlímítà 30.6, nígbà tí wọ́n sì ń fi fàdákà ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 12.5. Ó fẹ̀ ju ṣílè tí àwọn bàbá wa ná lọ dáadáa. Mẹ́rin nínú wọn ni wọ́n sábà máa ń tò sínú àpótí náà.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí òǹwòran ń rí hàn yín. Onídán á gbé àpótí kalẹ̀. Á ka owó mẹ́rin sínú rẹ̀ lójú yín: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Á mú ọmọrí, á dé e. Á ní kí ẹ na ọwọ́ yín, kí ẹ da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀. Á gbé àpótí lé ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Á fi ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ tiyín, á fi ìka kan àpótí náà pẹ́. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á já bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n gba inú ẹran ara yín kọjá. Á ṣí àpótí. Ó ti ṣófo!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Láàárín ìgbà tó ń dé e àti ìgbà tó gbé e lé yín lọ́wọ́, àpótí náà ti yí dojú dé nínú ìka rẹ̀ lábẹ́ ọmọrí, owó sì ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti kọ sórí ìwé. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò kí ẹ rí i! Ìka yín á dàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Owó á já. Bí kò bá sì já, á dún.

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ dídún yẹn. Ẹni tó ń pidán owó lórí tábìlì mọ̀ pé ojú òǹwòran kọ́ ni ọ̀tá òun àkọ́kọ́. Etí wọn ni. Owó mẹ́rin nínú àpótí idẹ, bí wọ́n bá kan ara wọn péré, wọ́n á ké gbàjarè, wọ́n á tú àṣírí. Bí wọ́n bá sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n dún, ìyẹn náà á tú àṣírí. Ní báyìí, ẹni tó gbé ohun èlò yìí fún ayé ni ẹni tí etí rẹ̀ ti di. Mi ò mọ ohun tó yẹ ká pe ìyẹn bí kì í bá ṣe akin. Ẹni tí kò lè fi etí ṣọ́ owó gbọ́dọ̀ fi ìka ṣọ́ ọ. Ó ní láti mọ̀ nípa fífọwọ́kàn nìkan bóyá irin ti kan irin.

Ọba owó kan ti wà kí Okito tó dé o. T. Nelson Downs ni, ọmọ ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1867, tó sì kú ní 1938. Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kó tó di onídán. Òun á máa mú owó láti inú afẹ́fẹ́, á máa jù ú sínú fìlà ṣaworoṣaworo, títí fìlà á fi kún, bẹ́ẹ̀ owó náà ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ìyẹn dára fún ìtàgé ńlá, ó sì gbé e dé ìlú London ní 1899. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe bíi Downs ní láti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ohun tí Okito ṣe ni pé ó fún ẹni tó jókòó sí tábìlì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní ilé kékeré kan tí owó lè wọ̀, kó sì jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ẹnu ọ̀nà.

LẸ́YÌN ÀPÓTÍ

Okito fúnra rẹ̀ kò ka àpótí yìí sí olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó padà sórí ìtàgé. Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tó ń fò lójú òfúrufú. David Abbott, ọkùnrin ará Omaha kan tó máa ń pidán nínú pálọ̀ ilé rẹ̀, ni olórí ẹni tó gbé idán bọ́ọ̀lù yẹn kalẹ̀. Okito mú un kúrò ní pálọ̀, ó gbé e dé tíátà. Bọ́ọ̀lù náà á gbéra, á yí i ká, á sún mọ́ ọn, á sá fún un, bí ẹyẹ tó mọ olówó rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó tún gbé idán rẹ̀ lọ káàkiri Yúróòpù, pẹ̀lú àpótí ńláńlá, aṣọ sílíìkì àti àwòrán dírágónì.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ló gbà pé kò sí ohun èlò tó dà bí tirẹ̀. Ó ń ṣe tábìlì, ó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù idán, ó ń fi ọ̀dà pupa, dúdú àti góòlù kùn wọ́n. Lónìí, àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń fi owó gidi wá wọn kiri.

Ọmọ rẹ̀, David, tí wọ́n bí ní ọdún 1904, gba iṣẹ́ náà. Fu Manchu ni orúkọ ìtàgé tirẹ̀, Argentina ló sì ti gbayì jù lọ. Nígbà tí David kú ní ọdún 1974, òkùn onídán ìdílé Bamberg já. Kò sí Bamberg mọ́ tó gba ipò lórí ìtàgé. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ igi ní ọ̀rúndún kejìdínlógún parí síbẹ̀.

Okito fúnra rẹ̀ lo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ní ìlú Chicago. Ní ọdún 1952, ìwé rẹ̀ tí wọ́n pè ní Okito on Magic jáde, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ níbẹ̀, ó tún kọ́ àwọn ènìyàn ní díẹ̀ nínú idán rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1963, ẹni ọdún 88.

KÍ LÓ KÙ?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìbéèrè tó mú mi kọ ìtàn yìí ni pé kí ló kù lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ wo gbogbo ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe. Aṣọ olówó iyebíye: wọ́n ti gbó. Àpótí ńláńlá: wọ́n wà nínú yàrá àwọn olówó, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn wọ́n. Tíátà tó kún fọ́fọ́: àwọn tó pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ ti kú tán. Àwọn ọba tí ìdílé rẹ̀ pidán níwájú wọn ti di ìtàn.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ títí di òní ni àpótí tí kò tó ẹ̀kúnwọ́. J. B. Bobo fi ààyè sílẹ̀ fún un nínú Modern Coin Magic, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952, tó sì di ìwé àkọ́kà fún gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ́ idán owó. David Roth, ọ̀gá onídán owó ní New York, tó kú ní ọdún 2021, fi àpótí kan náà ṣe ohun tí ojú kò rí rí. Àwọn mìíràn ti tún un ṣe lọ́nà oríṣiríṣi. Ọ̀kan wà tí wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀ níhò díẹ̀ kí owó kan lè jókòó síbẹ̀, kí àpótí lè dà bíi pé ó kún nígbà tó ti ṣófo: àpótí Boston nìyẹn. Ọ̀kan wà tí wọ́n la ojú tóóró sí, tí owó ń gbà yọ́ jáde. Wọ́n á tún fi owó tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, tó dà bí èèpo ẹ̀pà tó ń bo ọmọ rẹ̀, kún un.

Àmọ́ bí ẹ bá bi àwọn àgbà onídán owó, ọ̀pọ̀ wọn á sọ fún yín pé ti àkọ́kọ́ yẹn, èyí tí kò ní ẹ̀tàn kankan nínú, ló ṣòro jù, òun náà ló sì dùn jù. Bí àṣírí bá ti pọ̀ tó nínú àpótí ni iṣẹ́ ṣe ń dín kù lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Àpótí Okito gan-an kò fi nǹkankan pamọ́. Ọwọ́ ló ni gbogbo iṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Mo ti ní kí ẹ rántí ẹsẹ̀ igi Eliaser. Ẹ ti rí i báyìí. Bàbá ńlá pàdánù ẹsẹ̀, ó sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ohun èlò. Ọmọ-ọmọ pàdánù etí, ó sọ ìdákẹ́jẹ́ di iṣẹ́. Kò sí èyí tó dúró de ìwòsàn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, a ti tó ẹni tó ń ka ohun tó ti ṣe. Nígbà tí a bá pé jọ báyìí, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ ilé tó kọ́, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ ipò tó dé, ẹnì kan á dákẹ́ nítorí ó rò pé òun kò rí ṣe. Ìtàn Okito ń sọ fún wa pé a kò mọ èyí tí ayé máa fi rántí ẹni. Ó lè má jẹ́ ilé náà. Ó lè jẹ́ ohun kékeré tí a fi ọwọ́ wa ṣe lọ́jọ́ tí ọjà kò tà, tí a ṣe é dáadáa, tí a sì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ni: bí ọmọ kan bá wà ní ẹ̀yìn kíláàsì yín tí kì í dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀.